Ọwọ́ Tó Ń Rọ Àgbo

Ní ọdún tí ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo awakọ̀ kúrò lápá òsì títì kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún, àwọn ará abúlé etí ọ̀sà tó wà lẹ́yìn Ajah kàn rẹ́rìn-ín ni. Kí ló kàn wọ́n? Ojú omi ni ọ̀nà tiwọn, omi ò sì mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún. Igi àgbọn pọ̀ lọ́dọ̀ wọn ju èèyàn lọ nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Èkó, ọkọ̀ ojú omi Ràṣídì ló máa wọ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn tirẹ̀, àjẹ̀ ni àwọn yòókù fi ń wa tiwọn.

Abúlé yìí ni Ìyá Fàúsátù ń gbé. Sàdíátù ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n sí Sàdíátù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Abiyamọ àti ọmọ tuntun ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí obìnrin bá bímọ láti Ṣàngótẹ̀dó títí dé etí òkun, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè kó wá wẹ ọmọ, kó nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, kó fi òrí pa àwújẹ̀ rẹ̀, kó sì fi aṣọ tí wọ́n rì sínú omi gbígbóná tẹ ikùn ìyá rẹ̀ títí ìyá náà yóò fi máa pariwo pé ó tó.

Ọwọ́ rẹ̀ dára. Ẹ jẹ́ ká sọ ìyẹn kí ìtàn tó dojú rú. Ọmọ tí inú ń run, tí ìyá rẹ̀ ti gbé yípo ilé títí tí ẹsẹ̀ fi ń ro ó, bí Ìyá Fàúsátù bá ti fún omi efinrin sí i lẹ́nu tó sì fi àdín àgbọn ra ikùn rẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi só, oorun á sì gbé e lọ. Ìyá tí ọyàn rẹ̀ kò tètè lómi, ewé ẹmílẹ̀ ni yóò já fún un, ewé kékeré tó ń fà nílẹ̀ kiri ẹ̀yìnkùlé, tí oje funfun máa ń ro lára rẹ̀ téèyàn bá ṣẹ́ ẹ. Yóò sè é, yóò fi omi rẹ̀ po ẹ̀kọ gbígbóná, yóò sì dúró ti onítọ̀hún títí tó fi máa mu ún tán. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn ṣe máa ń kí i.

Lọ́sẹ̀ tí à ń wí yìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń mu ẹmílẹ̀.

Ó ti lé láàádọ́ta ọdún. Ó ti tó ọdún méjìlélógún tí ọmọ ti mu ọyàn rẹ̀ kẹ́yìn. Ó jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi àgbọn, ó ki ọyàn gbígbẹ bọ ọmọ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Ọmọ ọjọ́ mẹ́fà ni, obìnrin, Sìmbíátù ni wọ́n máa sọ ọ́. Àwọn àgbà ìṣáájú sọ pé bí ìyá àgbà bá ń mu ewé yìí láàárọ̀ lọ́sàn-án, tí kò sì sinmi àti máa fún ọmọ lọ́yàn, omi ọyàn á padà wá. Irọ́ kọ́, ó ti fojú ara rẹ̀ rí i rí ní Lángbàsà. Ṣùgbọ́n ogúnjọ́ ni obìnrin Lángbàsà náà fi dúró kó tó rí ẹ̀kán kan. Ọmọ wo ló lè fi ogúnjọ́ dúró de oúnjẹ?

Bàbá ọmọ náà, Dúró, ti ra mílíìkì inú agolo wá láti Èkó, kó tó sá padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ nítorí pé kò lè wo ojú ọmọ náà. Mílíìkì ọ̀hún ò bá a lára mu. Bó ṣe ń wọlé ló ń jáde. Àwújẹ̀ rẹ̀ ti wọlé, ẹkún rẹ̀ ti di ohùn tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ́tí kó tó gbọ́. Ìyá Fàúsátù ti tọ́jú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn rí, ó sì mọ iye ọjọ́ tó kù fún un.

Fàúsátù ńkọ́? Fàúsátù ti kú. Ó bí ọmọ náà ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò sì dá. Ìyá rẹ̀ ṣe gbogbo ohun tó mọ̀, ó tẹ ikùn, ó fún un ní èyí, ó fún un ní tọ̀hún, ẹ̀jẹ̀ kàn ń wá ni. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ Ràṣídì pé kí wọ́n máa gbé e lọ sí ọsibítù. Wọn ò tíì rí ilé Ìkòyí lọ́ọ̀ọ́kán tó fi dákẹ́ lórí itan ìyá rẹ̀. Ràṣídì yí ọkọ̀ padà. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún Ìyá Fàúsátù láyé nìyẹn, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n fi ń pè é títí di òní, gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá ní kí òun kí i káàárọ̀.

Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀ bó ti jókòó síbẹ̀ yẹn. Òkú mìíràn wà níbẹ̀.

Sìdíkàt, ìyàwó Ràṣídì, ni aládùúgbò rẹ̀. Ọgbà imọ̀ ọ̀pẹ ló wà láàárín wọn, ó sì ti ya lójú kan tí wọ́n máa ń gbà kọjá. Ọdún mẹ́fà ni Sìdíkàt fi wá ọmọ kó tó bí Tájù. Ọjọ́ kejì tí wọ́n sin Fàúsátù ni Tájù kú. Ọmọ ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Àwọn obìnrin wá kí Sìdíkàt, wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Nígbà tí wọ́n kọjá sọ́dọ̀ Ìyá Fàúsátù, wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa wí, torí pé lọ́dọ̀ tirẹ̀, agbè ló fọ́, omi díẹ̀ ló ṣẹ́kù, kò sì sẹ́ni tó mọ òwe tí wọ́n ń pa fún ìyẹn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ nìyí. Ní Ọjọ́rú, tó ku ọ̀la kí Fàúsátù bímọ, Ìyá Fàúsátù wà nílé Sìdíkàt. Sìdíkàt ń jókòó sórí omi gbígbóná nínú balùwẹ̀ bó ṣe pa á láṣẹ fún un. Inú ń run Tájù, ó sì ń ké. Ìyá Fàúsátù tẹ́ ẹ sórí itan méjèèjì, ó gbé igbá àgbo. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń rọ ọmọ lágbo: wọ́n á ká àtẹ́lẹwọ́ òsì yí ẹnu àti imú ọmọ ká, wọ́n á da àgbo sínú rẹ̀, ọmọ tó fẹ́ mí á gbé e mì tipátipá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rọ àwọn ìyá wa. Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀, òun náà ló sì máa ń fi kọ́ gbogbo abiyamọ: ọmọ tó bá ń ké, wọn kì í rọ ọ́. Wọ́n máa ń dúró kó mí.

Ó ṣì ń retí kí ọmọ náà mí nígbà tí Dúró, ọkọ Fàúsátù, sáré dé. "Ìyá, ẹ máa bọ̀, Fàúsátù ti ń rọbí." Ọkàn rẹ̀ fò lọ. Kò dúró mọ́. Ó ká ọwọ́, ó da àgbo, àgbo sì gba ọ̀nà òdì.

Ọmọ náà gan. Ojú rẹ̀ yí, ètè rẹ̀ dúdú. Ìyá Fàúsátù dorí rẹ̀ kodò, ó fi ẹnu ara rẹ̀ fa àgbo jáde nímú rẹ̀, ó fà á títí ọmọ náà fi mí, pẹ̀lú ohùn kan bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń gba ihò ilẹ̀kùn. Ó fi aṣọ wé e, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní. "Ó ti sùn o, Ìyá Tájù!" ló kígbe sí balùwẹ̀, ó sì sáré tẹ̀lé Dúró.

Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Tàbí kí ẹ dá a lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń rọbí kì í ní ojú méjì. Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà ò tíì ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n sin Fàúsátù ló ṣẹlẹ̀, nígbà tí Sìdíkàt yọjú lójú ọgbà, tó ń tijú pé òun ń yọ ọlọ́fọ̀ lẹ́nu. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ara Tájù gbóná, ìhà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Kí ni mo lè fi sí i?" Ìyá Fàúsátù mọ ohun tó ń ṣe Tájù. Ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ó la ẹnu, ó sì wí pé, "Òtútù ni. Fi òrí pa á láyà." Ràṣídì wà nílé lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ rẹ̀ wà létí omi.

Òrí ni Sìdíkàt fi ń pa á títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi ba Ìyá Fàúsátù nígbà tó gbójú sókè lábẹ́ igi àgbọn, tó rí Sìdíkàt tó ń gba ojú ọgbà bọ̀. Ó rò pé Sìdíkàt ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ńṣe ni obìnrin náà ń rìn bí ẹni tó ru ẹrù níwájú, apá rẹ̀ méjèèjì ò lè fara kan ìhà.

"Ìyá, ẹ gbà mí," ló wí. "Ọyàn yìí fẹ́ pa mí. Ẹ bá mi wá nǹkan tó máa gbẹ ẹ. Mi ò fẹ́ rí i mọ́."

Ìyá Fàúsátù fọwọ́ kàn án. Ó le koko, ó ń dán, ó sì gbóná. Oògùn rẹ̀ wà. Amọ̀ tútù láti etí ọ̀sà ni wọ́n á fi lẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi ọ̀já dì í gírígírí, tó bá máa fi di ọjọ́ márùn-ún, á gbẹ. Ó tiẹ̀ ti dìde pé kí òun lọ bu amọ̀. Ó ti gbé Sìmbíátù kalẹ̀ sórí ẹní, ọmọ náà sì bú sẹ́kún, ẹkún tí kò lágbára, tó dà bí pé ó ń tọrọ gááfárà.

Omi ọyàn Sìdíkàt tú. Ó rin bùbá rẹ̀ ní iwájú, lójú ibi méjì, ó ń ṣàn lọ sí ìró. Ara ò mọ̀ pé ọmọ ti kú, ohun tó ní ló ń gbé wá.

Ìyá Fàúsátù kúnlẹ̀. Àgbàlagbà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ Sìdíkàt nígbà tí wọ́n bí i kúnlẹ̀ fún un nínú yanrìn.

"Ẹ dìde! Ìyá, ẹ dìde, ẹ fẹ́ ṣépè fún mi ni?"

"Fún un lọ́yàn. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Ọmọ mi ti lọ, má jẹ́ kí èyí náà lọ."

Ó yẹ kó sọ ọ́ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ọmọ tó wà lórí ẹní, ó rò ó pé bí òun bá sọ ọ́, bí Sìdíkàt bá bínú padà sílé, ọmọ yìí ò ní rí ọjọ́ Àìkú. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Sìdíkàt jókòó sórí àpótí. "Ẹ gbé e wá," ló wí.

Ọmọ náà kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ó ń wá orí ọyàn kiri bí ẹni tí wọ́n ti tàn jẹ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó bà á, Sìdíkàt kígbe torí ìrora, ó sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹkún ló sun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ náà ń mu, ó ń mu, omi ọyàn ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, ohùn gbígbémì rẹ̀ sì ń dún ketekete lábẹ́ igi àgbọn. Ìyá Fàúsátù kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó di ojú rẹ̀ mú.

Ọmọ náà yè é. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́ ni Sìdíkàt ń gba ojú ọgbà wá, nígbà tó yá ó kúkú tẹ́ ẹní sí yàrá Ìyá Fàúsátù. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ìyá Fàúsátù ń se ọbẹ̀ òbòkún eléèrù àti ata fún un, ó ń po ẹ̀kọ, ó ń tẹ ikùn rẹ̀. Ìgbà kan tí Sìdíkàt ń jẹun lọ́wọ́, ó dáwọ́ dúró, ó ní, "Ìyá, Ọlọ́run á san án fún yín. Ohun tí ẹ ṣe fún èmi àti Tájù, mi ò ní gbàgbé. Ọwọ́ yín dára." Ìbá sàn kó gbá ìyá àgbà náà létí. Ó gbé abọ́, ó lọ ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti Ìyá Fàúsátù ò pé ogúnjọ́.

Ọ̀sán kan ni, oòrùn mú. Inú ń run Sìmbíátù láti àárọ̀, ó ń ká ẹsẹ̀ mọ́ ikùn, ó ń ké. Sìdíkàt ti fún efinrin sínú igbá kékeré, ó ti bu iyọ̀ díẹ̀ sí i bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó gbé igbá àti ọmọ wá.

"Ìyá, ẹ bá mi rọ ọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ."

Ìyá Fàúsátù na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ọmọ náà sórí itan méjèèjì. Ó ká àtẹ́lẹwọ́ òsì yí ẹnu àti imú rẹ̀ ká. Ó gbé igbá pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún. Èémí ọmọ náà ń gbóná sí i lọ́wọ́. Ó dúró.

"Ìyá, kí lẹ ń dúró dè?"

"Mò ń dúró kó mí."

"Ó ti mí."

Ìyá Fàúsátù yí igbá náà dànù sínú yanrìn, ó gbé e kalẹ̀, ó sì wí pé, "Bí mo ṣe rọ Tájù nìyí."

Sìdíkàt ò tíì lóye. Ó ń wo efinrin tó dànù.

"Lọ́jọ́ tí Dúró wá pè mí. Ó ń ké, mi ò dúró. Àgbo gba òdì, ó lọ sí àyà rẹ̀. Mo fi ẹnu fà á jáde nímú rẹ̀, ó mí, mo sì sọ fún ọ pé ó ti sùn."

"Kò sùn?"

"Kò sùn. Nígbà tí o wá bi mí lójú ọgbà, mo mọ̀. Kì í ṣe òtútù."

Sìmbíátù ń ké. Sìdíkàt sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ka nǹkan tí kò mọ̀ ọ́n kà dáadáa.

"Ràṣídì wà nílé."

"Mo mọ̀."

"Ọkọ̀ wà létí omi."

"Mo mọ̀."

Kò pariwo. Ìyá Fàúsátù ń dúró dè é pé kó pariwo, kó ya òun láṣọ, kó pe gbogbo abúlé. Ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọmọ náà kúrò lórí itan rẹ̀, ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó sì fún un lọ́yàn. Ìyá àgbà náà rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìrètí kékeré kan dìde nínú rẹ̀, ojú sì tì í pé ó dìde.

Nígbà tí ọmọ náà sùn, Sìdíkàt pọ̀n ọ́n, ó fún ọ̀já mọ́ àyà.

"Mò ń mú un lọ," ló wí. "Ẹ gbọ́ ohun tí Àáfà sọ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, ẹni tó bá fún ọmọ lọ́yàn ti di ìyá rẹ̀. Mi ò ní sọ fún Ràṣídì, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe torí yín. Mi ò fẹ́ kí ọmọ yìí dàgbà kó gbọ́ ohun tí ìyá ìyá rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín yẹn, kò gbọdọ̀ kàn án mọ́ láyé."

"Kí n máa rí i ńkọ́?"

"Ẹ ò kúkú fọ́jú," ni Sìdíkàt wí, ó sì gba ojú ọgbà lọ. Nígbà tí Dúró dé lóṣù kejì, ìyá ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ fún un pé kó jẹ́ kí ọmọ wà níbi tí ọyàn wà.

Ìyá Fàúsátù ò wẹ ọmọ mọ́ láti ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ pè é, á ní ara òun ò yá. Ewé ló kù tó ń já fún àwọn tó bá wá, á sì máa kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má fọwọ́ bo ọmọ nímú, kí wọ́n gbé orí rẹ̀ sókè, pé bí ìhà ọmọ bá ti ń lọ sókè sódò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewé, ọkọ̀ Ràṣídì ni kí wọ́n sáré lọ bá. Àwọn kan ní ọjọ́ ogbó ti ń dà á láàmú. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Màmá Eléwé. Ní òwúrọ̀, á jókòó lábẹ́ igi àgbọn, á máa gbọ́ bí Sìmbíátù ti ń rẹ́rìn-ín ní òdìkejì ọgbà, bó ti ń kọ́ ọ̀rọ̀, bó ti ń pe "Ìyá mi," tí ẹlòmíràn sì ń dáhùn.

Ọdún márùn-ún kọjá bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Iléyá, ọmọ náà gba ojú ọgbà wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àwo ẹran mú, ó ń ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó má baà kọsẹ̀. Èjí Fàúsátù ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Màmá Eléwé, ẹ kú ọdún. Ìyá mi ní kí n gbé ẹran yìí fún yín."

Ìyá Fàúsátù ti ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ìró. "O ṣé o, ọmọ dáadáa. Gbé e kalẹ̀ síbẹ̀ yẹn."

Ọmọ náà gbé e kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ. "Ìyá mi kì í pè yín ní Màmá Eléwé," ló wí. "Ìyá Fàúsátù ni wọ́n máa ń pè yín. Ta ni Fàúsátù?"

Ní òdìkejì ọgbà, ẹni tó ń gún iyán dá ọmọ odó dúró.

"Ọmọ mi ni," ni ìyá àgbà náà wí. "Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó."

"Kò tíì dé?"

"Kò tíì dé."

"Tó bá dé, ẹ bá mi kí i o." Ó dìde, ó gbọn yanrìn orúnkún rẹ̀ nù, ó sì sáré padà.

"Mo gbọ́," ni Ìyá Fàúsátù wí, nígbà tí kò sẹ́ni tó lè gbọ́ mọ́.

Ìgbà náà ló tó yọ ọwọ́ lábẹ́ ìró. Ó gbé àwo náà sórí itan. Kò jẹ nínú ẹran. Ó wá ibi tí ọwọ́ ọmọ náà ti dì í mú, tí ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bò ó mọ́lẹ̀ títí ó fi tutù.